Elasticsearch kọ̀, kò dìde mọ́, lẹ́yìn tí mo gbé e láti ẹ̀yà 7 lọ sí 8

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sáfà mẹ́ta ni Elasticsearch wa wà lórí rẹ̀, òun la fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú àkójọ ìròyìn Yorùbá wa. Ẹ̀yà 7.17 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lálẹ́ àná mo gbé ọ̀kan lọ sí ẹ̀yà 8, ó kọ̀, kò dìde. Ohun tó wà nínú log (ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀) ni `unknown setting [discovery.zen.minimum_master_nodes]`. Láti ìgbà ẹ̀yà 6 ni ìlà yẹn ti wà níbẹ̀, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Kí ló wá dé?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú làálàá. Ẹ̀yà 7 ń rí ìlà yẹn, ó kàn ń mójú kúrò ni. Ẹ̀yà 8 ti yọ ọ́ pátápátá, Elasticsearch kì í sì í gbà kí ìlà tí kò mọ̀ wà nínú `elasticsearch.yml`. Pa gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `discovery.zen` rẹ́, kí o to àdírẹ́sì àwọn sáfà yòókù sábẹ́ `discovery.seed_hosts`. Bí o bá rí `node.master` tàbí `node.data`, àwọn náà ti kógbá wọlé. Èyí ló gbapò wọn:

`node.roles: [ master, data ]`

Má fi `cluster.initial_master_nodes` kún un o. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ cluster (àgbájọ àwọn sáfà tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀) nìkan ni ó wúlò fún, tìẹ sì ti dàgbà. Bí o bá fi í sórí node (sáfà kan nínú cluster) tí àpò dátà rẹ̀ ṣófo, tí kò sì rí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lè lọ dá cluster tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe é. Ó tún gbé òmíràn dé: `Transport SSL must be enabled if security is enabled`. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ `xpack.security.enabled: false`, kí n lọ sùn.

Ìdáhùn: Á dìde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó póòtù 9200 (ẹnu ọ̀nà tí áàpù ń gbà bá Elasticsearch sọ̀rọ̀) á lè ka gbogbo dátà yín, á sì lè pa á rẹ́. Èmi ò ní ṣe é.

Láti ìgbà tí ẹ̀yà 8.0 ti jáde ní 2022 ni ètò ààbò ti máa ń wà ní títàn fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀yà 8 á ṣe sàtífíkéètì (ìwé ẹ̀rí tí àwọn sáfà fi ń dá ara wọn mọ̀) fún wọn. Orí ẹ̀rọ tuntun nìkan ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀; èyí tí o gbé láti 7 wá, ọwọ́ ara rẹ ni wàá fi ṣe tirẹ̀.

Ibi tó ti le nìyí. Node tó ń lo TLS (SSL tí log yẹn ń wí, ètò tó ń fi ẹnà bo ọ̀rọ̀) lórí póòtù 9300, níbi tí àwọn node ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àti èyí tí kò lò ó ò lè gbọ́ ara wọn: ọ̀kan ń fi ẹnà sọ̀rọ̀, èkejì ò gbọ́ ẹnà. Nítorí náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ lo máa ṣe ìgbésẹ̀ yìí. Kọ́kọ́ gba snapshot (àdàkọ ìpamọ́ dátà yín). Lẹ́yìn náà, lórí sáfà kan:

`bin/elasticsearch-certutil ca`
`bin/elasticsearch-certutil cert --ca elastic-stack-ca.p12`

Ṣe àdàkọ `elastic-certificates.p12` sínú àpò ètò sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o sì fi èyí kún `elasticsearch.yml` gbogbo wọn:

`xpack.security.enabled: true`
`xpack.security.transport.ssl.enabled: true`
`xpack.security.transport.ssl.verification_mode: certificate`
`xpack.security.transport.ssl.keystore.path: elastic-certificates.p12`
`xpack.security.transport.ssl.truststore.path: elastic-certificates.p12`

Bí o bá fi páásíwọ́ọ̀dù sí sàtífíkéètì náà, inú `elasticsearch-keystore` ni kí o fi pamọ́ sí. Wò ó dáadáa pé aṣàmúlò `elasticsearch` lè ka fáìlì yẹn. Mo ti fi odidi òru kan wá ìdí àṣìṣe kan, àṣé root nìkan ló ni ín. Wá pa 7.17 méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tan wọ́n padà, fi `bin/elasticsearch-setup-passwords interactive` ṣètò páásíwọ́ọ̀dù, kí o tó tan ti ẹ̀yà 8. Áàpù yín náà á ní láti máa fi páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́.

Má sì gbìyànjú láti dá èyí tó ti dé 8 padà sí 7.17 lórí dátà kan náà. Kò ní gbà.

Ó kù ọ̀kan: index (àkójọ dátà tí ẹ ń wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀) tí ẹ dá nígbà ẹ̀yà 6, ẹ̀yà 8 ò lè ṣí i. `GET _migration/deprecations` lórí 7.17 á fi wọ́n hàn ọ́; ibẹ̀ ni kí o ti reindex wọn (kí o tún wọn kọ sínú index tuntun).

Ìbéèrè: Ó dìde! Ṣùgbọ́n cluster di yellow.

Ìdáhùn: Má fòyà. Yellow ń sọ pé replica (ẹ̀dà dátà) kan ò tíì rí ibi dúró. Replica tí orísun rẹ̀ wà lórí node ẹ̀yà 8 kò lè lọ sórí node 7.17. Parí méjì tó kù. Bí ó bá ṣì jẹ́ yellow lẹ́yìn náà, ó ṣeé ṣe kí o ti gbàgbé láti dá `cluster.routing.allocation.enable` (ìlà tí a fi ń dá pípín ẹ̀dà dúró kí a tó pa node) padà sí `null`.

Ìbéèrè: Gbogbo rẹ̀ ti di green, ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ ìṣòro kan kù. Node ń ráhùn pé ẹ̀yà 7.17 ni wọ́n kọ `analysis-icu` (plugin, ìyẹn àfikún, tó ń bójú tó lẹ́tà àti àmì èdè) fún, ni mo bá yọ ọ́, mo pa index àtijọ́ rẹ́, mo sì fi `asciifolding` (àsẹ́ tó ń sọ lẹ́tà alámì di lẹ́tà lásán) tún un kọ láti inú database. Báyìí, bí ènìyàn bá tẹ "oja", ó ń rí "ọjà". Bí ó bá tẹ "eko", kò rí "ẹ̀kọ́".

Ìdáhùn: Há, èyí dùn mọ́ mi. Nínú Unicode, "ọ" ní kóòdù tirẹ̀, "à" náà ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí `asciifolding` fi lè sọ "ọjà" di "oja". Ṣùgbọ́n "ẹ̀" àti "ọ́" ò ní kóòdù kan ṣoṣo: "ẹ" ni, lẹ́yìn náà àmì ohùn tó dá dúró. `asciifolding` á sọ "ẹ" di "e", á sì fi àmì ohùn sílẹ̀ níbẹ̀. Fi `_analyze` wò ó, wàá rí i.

Fi `icu_folding` padà; inú `analysis-icu` ló wà, ó sì ń yọ àmì tó dá dúró kúrò. Kò sí ìdí láti sá fún plugin yẹn. O kàn ní láti tún un fi sórí gbogbo node ni:

`bin/elasticsearch-plugin install analysis-icu`

Tún àwọn node tan, dá index tuntun, reindex sínú rẹ̀. Má sì fi `icu_folding` sórí field (àyè dátà) kan ṣoṣo tí ẹ ní, nítorí "oko", "ọkọ", "ọkọ́" àti "ọkọ̀" á di nǹkan kan náà. Fi field kejì tí àmì rẹ̀ pé sílẹ̀, kí o sì fún un ní boost (agbára nínú títo èsì) tó ga jù. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tẹ àmì á rí ọkọ̀ tó ń wá ṣáájú oko.