Bí mo ṣe borí iná tó ń kọ mànà lára mọ́tò oníbátìrì

Gbọ̀ngàn tá à ń tò fún mùsíọ́ọ̀mù mọ́tò oníbátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí wàhálà tó yọjú. Mọ́tò Detroit Electric, irú èyí tí Clara, ìyàwó Henry Ford, ní ní 1914, ló wà láàárín. Ó dúdú, ó ń dán. Gbogbo gílóòbù òkè àjà ló ń hàn lára rẹ̀. Ẹni tó bá ya fọ́tò, gílóòbù ló yà.

Oníṣẹ́ iná ní ká dín iná kù. A dín in kù, gílóòbù ṣì ń hàn, inú mọ́tò wá ṣókùnkùn biribiri. Bẹ́ẹ̀ inú yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà: kò ní sítíárìn roboto, ọ̀pá ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, àga rẹ̀ sì dà bíi ti pálọ̀.

Ohun tó yanjú ẹ̀ rèé. A ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ sábẹ́ iná, ó gùn ju mọ́tò lọ níwájú àti lẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ wá tẹ́jú, ìrísí mọ́tò yọ kedere. (Aṣọ tí kì í tètè gbaná ni kẹ́ ẹ rà o!) Mo wá fi iná LED tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ òrùlé inú mọ́tò, níbi tójú ò ti lè tó o. Mo wọn ìmọ́lẹ̀ náà lórí àga: 50 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó), mi ò jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń mú kí aṣọ àga ṣá. Wáyà gba abẹ́ mọ́tò; a ò lu ihò kankan sára rẹ̀.

Ògiri funfun tó dojú kọ ọ́ ṣì ń hàn lára ilẹ̀kùn mọ́tò. A fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú tí kì í dán kun ògiri náà.