Bí mo ṣe pààrọ̀ ṣáàfù iwájú ọkọ̀ mi nílé

Corolla ọdún 2005 ni. Ṣáàfù ni irin gígùn tó ń gbé agbára láti inú gíá lọ sí tàyà iwájú. Bí mo bá ti ṣẹ́ kọ́nà sí ọ̀tún, ó ń dún "kà-kà-kà" lábẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó: rọ́bà tó bo oríkèé ṣáàfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàyà òsì ti ya, gírísì ti fọ́n ká inú ríìmù, iyanrìn sì ti wọlé.

Nọ́ọ̀tì àárín tàyà ló le jù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mílímítà 30 ni mo lò. Ẹ tú u dẹ̀ kí ẹ tó jáàkì ọkọ̀, kí ẹnìkan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Páìpù irin gígùn ni mo ki bọ ọwọ́ spánà kó tó gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì nìkan.

Mo tú bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tó so ẹsẹ̀ tàyà mọ́ apá irin ìsàlẹ̀), mo sì fi irin pẹlẹbẹ yọ ṣáàfù kúrò nínú gíá. Ọ́ìlì dà díẹ̀ sínú abọ́. Mo to tuntun mọ́ ti àtijọ́, gígùn wọn dọ́gba. Ẹ rọra ti tuntun náà bọ inú gíá o, torí bí eyín rẹ̀ bá ha síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú gíá), ọ́ìlì á máa jò. Ó dún "kọ́!", mo fà á, kò bọ́.

Mo bu ọ́ìlì gíá kún un, mo yípo nínú ọgbà lẹ́ẹ̀mẹta. Kẹ́kẹ́ pa.