Àágùn ọ̀sán, alẹ́ àná ni wọ́n ti ń mú un

Ọ̀pọ̀ ẹni tí àágùn ń dà láàmú ní Ìkòròdú, àárọ̀ ni wọ́n ń bá a jà. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á fi rólọ́ọ̀nù sí abíyá, wọ́n á da pàúdà lé e, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lọ̀, ó di ojú ọ̀nà. Kí mọ́tò tó dé Mile 12, ṣẹ́ẹ̀tì ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n fi sára lè má burú. Àkókò tí wọ́n fi í ni kò dára.

Rólọ́ọ̀nù pé oríṣi méjì. Èyí tí wọ́n kọ deodorant nìkan sí lára, òórùn ló ń lé, kì í dá àágùn dúró. Èyí tí wọ́n kọ antiperspirant sí ni kẹ́ ẹ rà. Iyọ̀ aluminium tó wà nínú rẹ̀ ló ń dí ẹnu ihò tí àágùn ń gbà jáde. Bí ti ọjà kò bá ràn yín, ẹ bi apòògùn ní kẹ́míìsì bó bá ní èyí tó ní aluminium chloride, ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Alẹ́ ni kẹ́ ẹ lò ó. Tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ nu abíyá, kẹ́ ẹ wá fẹ́ ẹ títí yóò fi gbẹ táútáú. Bí kò bá sí iná, abẹ̀bẹ̀ ń ṣe é. Ẹ fi oògùn náà pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ sùn, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ kúrò láàárọ̀. Alaalẹ́ ni títí àágùn yóò fi dínkù, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Bí èèyàn bá sùn, àágùn abíyá á rọlẹ̀, oògùn á ráyè wọlé. Tó bá jẹ́ àárọ̀, àágùn á ti ṣàn án dànù kó tó ṣiṣẹ́.

Bó bá ń ta yín tàbí tó ń yún yín, ọ̀rinrin ló sábà máa ń fà á, torí bí aluminium chloride bá kan omi, ó ń di ásíìdì. Ẹ sinmi fún alẹ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fá abíyá kó dúró ọjọ́ méjì kó tó lò ó. Oògùn náà ń ba aṣọ jẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà aṣọ àtijọ́ ni kẹ́ ẹ fi sùn. Ní ti ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń pa abíyá, a bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́: ó ń jó awọ, bí oòrùn bá sì kan ibi tí omi rẹ̀ dé, ó lè lé ròrò, kó fi àpá dúdú sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ íńtáfíù iṣẹ́ lẹ ń lọ, ẹ má fi ṣẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ níbẹ̀ rìnrìn àjò. Ẹ gbé e sínú báàgì, kẹ́ ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú lọ, yálà bọ́ọ̀sì BRT lẹ wọ̀ tàbí ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò. Bẹ́ ẹ bá dé, ẹ má tíì pààrọ̀ aṣọ. Ara kì í ṣíwọ́ àágùn lójú ẹsẹ̀ tí ìrìn bá tán. Ẹni tó bá pààrọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, aṣọ tuntun náà á tutù rin. Ẹ tètè dé ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, ẹ jókòó síbi afẹ́fẹ́, ẹ bu omi tútù sí ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn ọrùn, kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Àwọ̀ eérú àti búlúù tó mọ́lẹ̀ ló ń tú àṣírí àágùn jù. Funfun àti dúdú ń bò ó. Ẹ yẹra fún polyester.

Ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń rin, kó fi aṣọ ìnujú sápò ọ̀tún, kó sì fi bébà kan sábẹ́ ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé kí yíǹkì má ràn. Ẹ nu ìka dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka. Dókítà awọ ara ní ẹ̀rọ kan tó ń gba iná díẹ̀ kọjá nínú omi tí èèyàn ki ọwọ́ bọ̀, ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Aláboyún àti ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn kò gbọdọ̀ lò ó. Kí ẹnikẹ́ni má fi bátìrì ṣe tirẹ̀ nílé.

Ojú gbígbóná tí ìtìjú ń fà le ju àágùn lọ, torí bí èèyàn ṣe ń ṣọ́ ọ ló ń pọ̀ sí i. Wọ́n ní kẹ́ ẹ dìde sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ sáré wá sójú, etí gbóná, àágùn yọ níwájú orí. Lára apọ́nbéporẹ́ ló ti ń hàn. Ẹni dúdú á rò pé gbogbo èèyàn ló ń rí i, bẹ́ẹ̀ abẹ́ awọ ni ooru náà wà. Ẹ má gbìyànjú láti lé e lọ. Ẹ gbé ọkàn yín kúrò lójú, ẹ gbé e sórí ìbéèrè tí wọ́n bi yín, kẹ́ ẹ tún ìbéèrè náà sọ kẹ́ ẹ tó dáhùn. Ibi tí kò le ni wọ́n ti ń kọ́ èyí: lọ́jà Ṣábọ̀, ẹ gbájú mọ́ ohun tí ìyá ọlọ́jà ń sọ. Ẹ fa èémí wọlé kẹ́ ẹ kà dé mẹ́rin, ẹ mí i síta kẹ́ ẹ kà dé mẹ́fà. Bó bá ti hàn, ẹ sọ ọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ooru ọ̀nà yìí pọ̀, ẹ jẹ́ kí n nujú.” Ọ̀rọ̀ á ti tán níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ògì gbígbóná àti àkàrà aláta kì í ṣe oúnjẹ yín. Ẹni tó ń lo ìpara tí wọ́n fi ń bóra, kó mọ̀ pé èyí tó ní steroid ń mú awọ ojú fẹ́lẹ́, kó máa pọ́n, kó máa gbóná.

Àágùn tó bá ń rin bẹ́ẹ̀dì lóru, tí ikọ́ tàbí rírù sì bá a rìn, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba. Bí àyà bá ń lù kìkì, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ gẹ̀gẹ̀ wò. Alátọ̀gbẹ tí ara rẹ̀ dédé tutù, tó ń gbọ̀n, tó ń làágùn, ṣúgà ara rẹ̀ lè ti wálẹ̀ jù: kó mu nǹkan dídùn kíákíá.

Àwọn kan ń mu oògùn kan tí wọ́n ń pè ní propranolol kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn. Ó ń mú àyà tó ń lù rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ó léwu gan-an fún ẹni tó ní ásímà. Dókítà ni kó kọ ọ́ fún yín, ọjọ́ tí ẹ ò lọ síbì kankan sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò.