Omi inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló ń ba síláǹtì eyín jẹ́

Síláǹtì ni ohun ṣíṣàn tí a ń dà sínú kòtò orí eyín ọmọ, tó ń gan síbẹ̀ kí kòkòrò má bàa ráyè wọlé. Owó tí mo kó lé ìgò síláǹtì kékeré kan tó ra àpò ìrẹsì, ẹni tó tà á fún mi sì búra pé èyí kì í jò. Ó jò. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn padà wá bá mi ní kíníìkì l'Òkè-Fìà. Síláǹtì ṣì wà lórí eyín ẹ̀yìn ńlá tí ọmọ máa ń hù ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti dúdú yí ká. "Dókítà, ṣebí ẹ ní kòkòrò ò ní ráyè wọ kòtò yìí mọ́?" Kí ni mo fẹ́ sọ?

Mo ní màá fojú ara mi rí ibi tó ti ń jò. Mo kó eyín tí a ti yọ, tí kòkòrò ò tíì jẹ orí wọn. Mo kàn fi búrọ́ọ̀ṣì fọ kòtò àwọn kan, mo fi ẹ̀rọ ẹlẹ́nu tín-ín-rín la tàwọn yòókù díẹ̀, mo sì fi ásíìdì fọsifọ́ríìkì 37% sí gbogbo wọn fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Lẹ́yìn náà la máa ń fomi ṣan ásíìdì kúrò, tí a ó fi afẹ́fẹ́ gbẹ eyín, kí a tó da síláǹtì sí i.

Ibi gbígbẹ ni wàhálà wà. Bí a bá ti ṣan ásíìdì kúrò, tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ojú eyín gbọ́dọ̀ funfun bí ẹfun, láìdán rárá. Tèmi ń funfun lápá kan, ó ń dán lápá kejì. Mo tún fi ásíìdì sí i, ibì kan náà. Mo pe ẹni tó máa ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe, tó ń gbowó lọ́wọ́ wa déédéé. Ó tan kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún wa ní afẹ́fẹ́ náà, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, kò sí nǹkan tó ṣe é," ó gbowó, ó lọ. Nẹ́pà náà mú iná lọ lọ́jọ́ yẹn, epo jẹnẹrétọ̀ ni mo ń jó lórí iṣẹ́ tí ò lọ síwájú.

Nígbà tó sú mi, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ náà sójú dígí kékeré tí a fi ń wo ẹnu. Omi! Ó dà wínníwínní sójú dígí, ó sì ń yọ̀ bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, tó túmọ̀ sí pé òróró wà nínú rẹ̀. Mo lọ pe fọkanáísà tó wà lójú títì wa. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ ìdérí ìsàlẹ̀ táǹkì, omi pupa onípẹtà sì tú jáde. Àkókò òjò ni, ooru àti ọ̀rinrin Òṣogbo ń di omi sínú táǹkì lójoojúmọ́, fọkanáísà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí à ń sanwó fún ò mọ̀! Fílítà tuntun tó ń sẹ́ omi àti òróró kúrò nínú afẹ́fẹ́, Ìbàdàn ni a ti rà á, ó sì pẹ́ kó tó dé.

Láti ọdún 1955 tí Buonocore, dókítà eyín ará Amẹ́ríkà, ti fi ásíìdì họ ojú eyín ni a ti mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Ásíìdì ń lu ihò tí ojú ò lè rí, síláǹtì ń ṣàn wọ inú wọn, ó ń dì mọ́ ọn. Bí omi, òróró tàbí itọ́ bá ti gba ibẹ̀, kò sọ́nà fún síláǹtì. Bí itọ́ bá kàn án, ẹ tún fi ásíìdì sí i.

Òṣogbo ìlú aró! Aró methylene blue ni mo fi dán wọn wò: ibi tí aró bá gbà wọ abẹ́ síláǹtì, ibẹ̀ ló ń jò. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì kun gbogbo eyín, àyàfi orí síláǹtì àti mìlímítà 1 yí i ká, mo rì wọ́n sínú aró, mo gé wọn sí méjì. Èyí tí afẹ́fẹ́ olómi gbẹ, aró dé ìsàlẹ̀ kòtò, ìbáà jẹ́ pé mo fẹ̀rọ là á. Èyí tí afẹ́fẹ́ tó dáa gbẹ, aró ò kọjá etí. Inú mi dùn gan-an! N kì í fi ẹ̀rọ la eyín ọmọ lásán mọ́. Ara eyín tó le dáadáa la ń gé dànù. Kòtò tó bá dúdú nìkan ni mo ń là.

Ẹ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sójú dígí kí ọmọ àkọ́kọ́ tó jókòó. Ẹni tó bá sì wá tún kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ṣe, kó ṣí ìsàlẹ̀ táǹkì lójú yín kí ẹ tó sanwó.