Ilé Kòkó Bàbá Mi Tí Mo Fẹ́ Sọ Di Ilé Gbígbé

₦180,000 ni mo san fún pláànù tí kò wúlò, ó ṣì ń dùn mí títí di òní. Lórí ìwé, pláànù náà rẹwà: yàrá mẹ́rin, pálọ̀, kíṣìnì, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lókè. Ṣùgbọ́n ẹni tó yà á kò gbẹ́ ilẹ̀ wò rárá kó tó gbé rúlà.

Ilé tí bàbá mi ń kó kòkó sí ni, ní oko wa ní àgbègbè Oǹdó. Ògiri amọ̀ tó nípọn tó íǹṣì 18, gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 48. Nígbà tí ìjọba tú Cocoa Board, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ríra àti títà kòkó, ká ní 1986, tí àwọn oníṣòwò ń wọ oko wá ra kòkó fúnra wọn, ẹrù kì í pẹ́ níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí bàbá mi fi máa papòdà, ọkọ́ àti àdá ló kù nínú rẹ̀.

Àwọn àbúrò mi ní kí n wó o, kí n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Mo kọ̀. Ẹni tó bá ti fẹ̀yìn ti ògiri yẹn lọ́sàn-án oṣù kẹta mọ bó ṣe ń tutù. Inú mi dùn pé mo kọ̀.

Ti ìwé ilẹ̀, kò sí ohun tuntun níbẹ̀: ẹbí jókòó, olórí ẹbí fọwọ́ sí i, sọ́fíọ̀ wá ri òpó mọ́lẹ̀. Ìgbà tí mo gbé pláànù lọ bá ẹnjiníà ni wàhálà dé. Ó wò ó títí, ó ní, "Ọ̀gá, kí ló wà lábẹ́ ògiri yìí?" N kò mọ̀. Ẹni tó ya pláànù náà kò mọ̀. Ẹnjiníà ní òun kò ní fọwọ́ sí ilé tí ẹnikẹ́ni kò rí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Inú bí mi, mo rò pé owó ló ń wá. Òun ló jàre.

A gba ọkùnrin méjì, wọ́n gbẹ́ ihò mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta. Nínú èkíní, òkúta tí wọ́n kàn tò sínú ilẹ̀ pupa la bá, kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ lọ. Kò sí kọnkéré, kò sí irin. Ẹnjiníà ní ó lè gbé ara rẹ̀ àti páànù, bó ti ń gbé e láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n kí n gbàgbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Nínú èkejì, a rí i pé sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri níta, tí a rò pé ó ń dáàbò bò ó, ló ń pa á. Amọ̀ a máa wú, a máa sún kì, sìmẹ́ńtì kì í bá a ṣe é, ló bá ń là. Omi ń gba ojú ibi tó là wọlé, kò sì rí ọ̀nà jáde. Mo fi ìka tẹ ẹsẹ̀ ògiri lẹ́yìn sìmẹ́ńtì náà, ó wọlé bí ẹ̀kọ.

Ẹ̀kẹta ló dá wa dúró. Agolo tó ti dípẹtà ni wọ́n ń hú jáde ní igun ọwọ́ ọ̀tún. Màmá mi tó jókòó lábẹ́ igi ọsàn dìde. "Gamalin nìyẹn. Ibẹ̀ ni bàbá yín ti ń pò ó." Gamalin 20, oògùn apakòkòrò tí gbogbo olóko kòkó mọ̀! Kẹ́míkà olóró tí wọ́n ń pè ní lindane ló wà nínú rẹ̀, kì í tètè jẹrà nínú ilẹ̀, àdéhùn Stockholm tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ sì ti kà á léèwọ̀ fún iṣẹ́ oko láti 2009. Ibẹ̀ gan-an ni pláànù wa fi kíṣìnì sí, kànga sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Màmá ì bá ti máa pọn omi mu. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tí wọ́n ń fi ilé náà ṣe. Èmi ọmọ rẹ̀ náà kò bi í.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó ya pláànù. Ó ní iṣẹ́ òun ti parí, kí n mú ₦120,000 wá fún òmíràn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi fa ọ̀rọ̀ yẹn. Òjò bẹ̀rẹ̀, omi kún inú ihò, a sáré ra tapólì bo ẹsẹ̀ ògiri kó má baà wó. Nígbẹ̀yìn mo gba ẹlòmíràn, mo sì san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ìdajì lẹ́yìn tó wọn ògiri lójú mi, ìdajì tó kù lẹ́yìn tí ẹnjiníà fọwọ́ sí i. Ká ní mo tún un ṣe, ẹni tó lo ilé náà ni mo máa kọ́kọ́ mú lọ síbẹ̀, lẹ́yìn náà ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, kí n tó pe ẹnikẹ́ni tó ń ya nǹkan.

Pláànù tuntun kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A máa ha sìmẹ́ńtì ìta kúrò, a máa fi amọ̀ rẹ́ ẹ, etí páànù yóò sì yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kí òjò má baà kan ògiri. A ti sọgbà yí igun Gamalin ká: a kò ní gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀, adìyẹ kò sì gbọdọ̀ débẹ̀. Kànga ti lọ sí apá òkè, ó jìnnà síbẹ̀ dáadáa, a ó sì gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó mu ún.

Sátidé tó kọjá ni mo tẹ́ ìwé náà síwájú Màmá. Ó béèrè ibi tí fèrèsé yàrá òun kọjú sí. Mo ní oko kòkó ni. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀kan kún un.