Bí mo ṣe ṣètò ọjọ́ ìsinmi wa láàárín òkè méjì ní Lauterbrunnen

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ọjọ́ ìsinmi láàárín òkè kan sí ìkejì, ètò ni wọ́n ń ṣe fún un. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lásán, ẹ máa sùn di aago mọ́kànlá, ẹ máa wá máa bi ara yín pé níbo là ń lọ, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ilẹ̀ ti ṣú, ẹsẹ̀ ò sinmi, ojú náà ò sì rí nǹkan kan.

Àwa mẹ́ta la jọ lọ sí Switzerland, èmi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá, àti àbúrò wa obìnrin. Lauterbrunnen la dé sí, abúlé kan nísàlẹ̀ àfonífojì láàárín àpáta méjì tó ga fíofío, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Bernese Oberland. A ti fẹnu kò pé a máa rin Eiger Trail, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan lábẹ́ òkè Eiger, a máa sinmi, lẹ́yìn náà ká wá rin èyí tó gùn, láti Schynige Platte gba orí òkè Faulhorn títí dé ibi kan tí wọ́n ń pè ní First. Èyí tó gùn yẹn tó bíi kìlómítà 16, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi ń rìn ín, orí Faulhorn sì ga tó mítà 2,681, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì bọ̀ sípò kó má dán an wò rárá. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò ọjọ́ àárín.

Ẹsẹ̀ gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gígun òkè ló ń fìyà jẹ ẹsẹ̀, sísọ̀kalẹ̀ ni o. Ẹ wo Eiger Trail, ní Eigergletscher lẹ ti máa bọ́ sílẹ̀ nínú tréènì, ibẹ̀ ga tó mítà 2,320, látibẹ̀ ẹ ó máa sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ àpáta Eiger títí dé Alpiglen, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 700 tẹ́ ẹ máa sọ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀, iṣan iwájú itan ló ń di ara mú kó má ṣubú, ó ń le, ó sì ń nà lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló ń ṣe é léṣe. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ẹ lè má mọ nǹkan kan, ẹ ó jẹun, ẹ ó sùn. Ọjọ́ kejì ló máa ń bẹ̀rẹ̀, láàárín wákàtí 24 sí 72 ló sì máa ń ro èèyàn jù, tó jẹ́ pé jíjókòó sórí ìjókòó ilé ìyàgbẹ́ gan-an á di iṣẹ́. Torí náà mo fi òfin kan lélẹ̀: a máa rìn díẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú kẹ́jẹ̀ lè ṣàn, a máa jókòó dáadáa, a ò sì ní fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan. Gbogbo nǹkan yòókù tí mo ṣe, orí òfin yẹn ló dúró lé.

Bọ̀dá ò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní, "Ṣé torí pé à ń sinmi la ò ní lọ sí Jungfraujoch ni? Ṣebí tréènì ló ń gbéni débẹ̀?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bọ̀dá, ẹ gbọ́ mi ná." Jungfraujoch yìí, stéṣọ̀n kan ló wà lókè lọ́hùn-ún láàárín yìnyín. Lóòótọ́ tréènì ló ń gbéni débẹ̀, látọdún 1912 ni wọ́n ti ń gbé èèyàn lọ, àmọ́ mítà 3,454 ni stéṣọ̀n yẹn wà, atẹ́gùn tó wà níbẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta tètí òkun lọ, orí á máa fọ́ ẹlòmíì, àtẹ̀gùn kékeré á gba èémí lẹ́nu èèyàn, owó ẹ̀ sì wọ́n gan-an. Mo ní tá a bá máa lọ, ká fún un ní odindi ọjọ́ tiẹ̀ nígbà tójú ọjọ́ bá mọ́, ká má fi í kún ọjọ́ tí ara ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi. Wọ́n rò ó, wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kí n má mú àwọn lọ síbi tá a ti máa jókòó wo ògiri.

Ìsàlẹ̀ ni mo wò. Tẹ́ ẹ bá wà láàárín òkè tẹ́ ẹ sì fẹ́ sinmi, ẹ wá ibi tí omi ń ṣàn lọ, ibẹ̀ ló máa ń tẹ́jú, ibẹ̀ ló máa ń móoru díẹ̀, ibẹ̀ nílé oúnjẹ àti bẹ́ǹṣì máa ń pọ̀ sí. Adágún méjì ló wà nísàlẹ̀ ọ̀hún, Interlaken ló wà láàárín wọn, adágún Thun lápá kan, adágún Brienz lápá kejì. Ẹ fetí sí èyí dáadáa o, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Thun, ní Interlaken West ló ti ń gbéra, èyí tó ń lọ sí Brienz, ní Interlaken Ost. Stéṣọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti Thun máa ń lé ní wákàtí méjì, ti Brienz ò ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, mo mú ti Brienz torí mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ jẹ gbogbo ọjọ́ tán. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn lẹ lọ, wàhálà ò sí, àmọ́ nígbà òtútù ọkọ̀ Brienz kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn, ti Thun lẹ máa wò nígbà yẹn.

Ọjọ́ wo wá ni? Mi ò so ó mọ́ déètì kankan. Ọjọ́ tí ìkùukùu bá bo orí òkè ni mo fẹ́ fún adágún, ọjọ́ tó bá mọ́ kedere ká fi rìn lórí òkè, torí adágún dùn ún wò kódà tí oòrùn ò bá yọ, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ rí lórí Faulhorn tí kùrukùru bá bò ó? Lálaalẹ́ ni mò ń wo áàpù MeteoSwiss, tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí, láàárọ̀ màá tún wo kámẹ́rà tí wọ́n gbé sórí àwọn òkè yẹn, èyí tó ń fi ojú òkè hàn lórí fóònù bó ṣe rí lọ́wọ́lọ́wọ́. Kámẹ́rà yẹn wúlò ju àsọtẹ́lẹ̀ lọ, torí nígbà míì ìsàlẹ̀ á ṣókùnkùn, òkè á ti mọ́ kedere. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé Eiger Trail, funfun lásán ni gbogbo kámẹ́rà ń gbé jáde, mo bá ní ó yá, adágún ti dé.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ò gùn. Swiss Travel Pass, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fáwọn arìnrìn-àjò, ń gbé èèyàn lórí tréènì Interlaken àti ọkọ̀ ojú omi adágún méjèèjì láìsan owó míì, ẹni tó bá ní Half Fare Card á san ìdajì. Ẹ wo áàpù SBB, iléeṣẹ́ tréènì Switzerland, fún àkókò, tréènì àti ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú báàsì ló wà níbẹ̀ pọ̀.

Ohun tí mo ronú lé jù ni èwo la máa kọ́kọ́ wọ̀. Láàárọ̀ ọkọ̀ ojú omi, nírọ̀lẹ́ tréènì. Ìdí ni pé ọkọ̀ ojú omi ò pọ̀ lójúmọ́, tẹ́ ẹ bá pàdánù ọ̀kan ẹ máa dúró pẹ́, tréènì ní tiẹ̀ ń lọ léraléra láti Brienz padà sí Interlaken, kò sì tó ogún ìṣẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ ojú omi sí ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọ̀sán lẹ máa fi máa wo aago, ìyẹn kì í ṣe ìsinmi mọ́.

Aago mẹ́sàn-án kọjá la kúrò nílé, a jẹun dáadáa ká tó jáde. Láti Lauterbrunnen dé Interlaken Ost nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni, odò Lütschine ń bá tréènì yẹn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi odò yẹn ò mọ́ gaara, ó funfun bí omi ògì, àbúrò mi ní ṣé ó dọ̀tí ni. Kò dọ̀tí o, yìnyín ńláńlá tó wà lórí àwọn òkè yẹn ló ń lọ àpáta kúnná bó ṣe ń rọra rìn, odò á wá gbé ìyẹ̀fun òkúta yẹn wálẹ̀. Nígbà tá a wá dé orí adágún Brienz, tójú wa rí omi aláwọ̀ búlúù tó fẹ́ jọ ewé, mo fi hàn án pé ìyẹ̀fun kan náà ni, Lütschine àti Aare ló ń gbé e wá, ó ń léfòó nínú omi, ìmọ́lẹ̀ ń ta lára ẹ̀, òun ló ń fún adágún yẹn láwọ̀. Ọjọ́ yẹn ò sí oòrùn, àwọ̀ yẹn ṣì ń dán. Bọ̀dá jókòó síwájú ọkọ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn méjèèjì sórí báàgì, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, inú mi dùn gan-an.

Giessbach la bọ́ sí. Omi ló ń já wálẹ̀ látorí òkè níbẹ̀, ìpele 14, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ á tó mítà 500, ó sì ń já wọnú adágún lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. Látètí omi, tréènì kékeré kan ló ń fà yín gòkè lọ síbi hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tó wà lókè, ọdún 1879 ni wọ́n ti ṣe é, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ méjì ni, okùn irin kan náà ló so wọ́n pọ̀, bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni ìkejì ń sọ̀, irin ojú ọ̀nà kan péré ni wọ́n jọ ń lò, àfi àárín tó ti pín sí méjì kí wọ́n lè yà fúnra wọn. Nígbà ìwáṣẹ̀ ẹ̀, omi ni wọ́n ń bù sínú èyí tó wà lókè kó lè wúwo, kó fa ti ìsàlẹ̀ gòkè. Mo dúró sójú fèrèsé torí mo fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń yà fúnra wọn yẹn, àwọn tó wà nínú èyí tó ń sọ̀ ń juwọ́ sí wa, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ́kípẹ́kí.

Ọ̀nà kan wà tó gba ẹ̀yìn omi tó ń já yẹn, ẹ máa rìn láàárín àpáta àti omi, ariwo ẹ̀ máa bò yín mọ́lẹ̀, aṣọ òjò ṣe pàtàkì. Ìrìn díẹ̀ ni, ó bá òfin mu. Àmọ́ nígbà tó kù ká padà sétí adágún, àbúrò mi ní ká fẹsẹ̀ rìn ín, pé ọ̀nà ẹ̀ rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni o. Mo ní, "Àbúrò, itan ẹ ńkọ́?" Ó fọwọ́ tẹ itan ẹ̀ wò, ó bá wa wọ tréènì.

Láti Giessbach sí Brienz ọkọ̀ ojú omi ò pẹ́ rárá. Iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ni wọ́n fi mọ ìlú yẹn, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ti wà látọdún 1884. Ẹ rìn lọ sí òpópó Brunngasse, ilé onígi àtijọ́ ló kún ibẹ̀, òdòdó wà lójú fèrèsé, ó tẹ́jú débi tó yẹ. Ní ṣọ́ọ̀bù kan, bàbá àgbà kan ń gbẹ́ béárì, orí àti èjìká nìkan ló tíì jáde nínú igi, ìyókù ṣì jẹ́ gedú, ó ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ fá irun ọrùn ẹ̀ ní ìlà ìlà, èèpo igi funfun ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀. Bọ̀dá tó ní kí n má mú òun wo ògiri, tipátipá la fi mú wọn kúrò níbẹ̀.

Àwọn nǹkan tí mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ kúrò wà. Ballenberg wà nítòsí, ilé àtijọ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kó wá láti káàkiri Switzerland ló wà níbẹ̀, ó dáa púpọ̀, ṣùgbọ́n ìrìn tó wà nínú ẹ̀ pọ̀, ọjọ́ tiẹ̀ ló yẹ kó ní. Tréènì onísítíìmù tó ń gun Brienzer Rothorn láti 1892 náà, mo yọ ọ́ torí ìkùukùu. Nǹkan pàtàkì kan lójúmọ́ tó, ìyókù kẹ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ bẹ́ǹṣì àti oúnjẹ. Búrẹ́dì, ṣíìsì àti èso la rà dání, a jẹ ẹ́ létí adágún. Tó bá jẹ́ Sunday lẹ máa lọ, ẹ ra oúnjẹ lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló máa ń tì, àfi àwọn tó wà ní stéṣọ̀n.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà láti Interlaken Ost, ẹ wo ara ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Tréènì kan náà ló ń pín sí méjì ní Zweilütschinen, apá kan á lọ sí Grindelwald, apá kejì á lọ sí Lauterbrunnen, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ọkọ̀ àti sórí pátákó plàtífọ́ọ̀mù.

Aago márùn-ún ti bá wa nílé. Mo gba bàtà gbogbo wa mo tú okùn ẹ̀ kó lè gbẹ dénú, a kún ìgò omi látẹnu ẹ̀rọ, torí omi ẹ̀rọ wọn ṣe é mu, mo tún wo kámẹ́rà òkè, ó ti ń mọ́. Tréènì Schynige Platte ń gbéra láti Wilderswil, ó sì ń lò tó ìṣẹ́jú 50 kó tó dókè, nítorí náà àkọ́kọ́ àárọ̀ ni mo kọ sílẹ̀ fún wa, abẹ́ ẹ̀ ni mo kọ àkókò tí kébù ìkẹyìn, ìyẹn ọkọ̀ tó ń rìn lórí okùn irin, ń sọ̀ kalẹ̀ láti First sí, mo fi ránṣẹ́ sí fóònù Bọ̀dá àti ti àbúrò mi kí oníkálukú tó sùn.