Ohun tí Ojú Mi Rí Lórí Orí Ìjàpá

₦18,000 ni mo kà lé gbẹ́nàgbẹ́nà kan lọ́wọ́ ní Òṣogbo níbí, pé kó bá mi gbẹ́ orí ọmọlańgidi méjì, Ìjàpá àti Yánníbo, tí màá fi máa pàlọ́ fún àwọn ọmọ Pírámárì 3 mi. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kò gbẹ́ inú igi náà jáde kí ìka mi lè wọlé. Mo di ọrùn Ìjàpá mú, mo gbé e sókè, kí n tó ka ọgọ́rùn-ún, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Mo gbé e padà lọ, ó ní ère tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì lòun rò pé mo fẹ́. Òótọ́ ni pé n ò sọ fún un pé orí ìka ló máa wà. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kan ò padà, inú sì ń bí mi títí di òní.

Ni mo bá ní màá ṣe é fúnra mi. Aṣọ ara wọn ò le: àjákù àdìrẹ lọ́dọ̀ télọ̀, mo rán an bí ìbọ̀wọ́, ó parí. Orí lẹjọ́ wà.

Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wàá fẹ́ bàlúùnù, wàá ya ìwé náà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wàá rì í sínú fúláwà tí o sè títí ó fi ki bí ògì, wàá wá máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàlúùnù. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí èkejì tó gùn ún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ o! Ìkánjú ni. Nínú òjò oṣù Kẹsàn-án, mo lẹ ìpele márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ kẹta, ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò wọlé. Mo gbé e síwájú fáànù, wọ́n mú iná lọ. Mo gbé e sún mọ́ àdògán, bàlúùnù bú gbàù, orí rún wómúwómú. Ọjọ́ kẹfà, ó ń rùn bí ògì ọlọ́sẹ̀ méjì, nǹkan funfun bí òwú ti hù sí i létí. Mo ṣì ń rò ó pé bóyá màá fi ọ̀dà bò ó. Ilẹ̀ mọ́, eku ti jẹ imú rẹ̀. Ìjàpá tó ń rẹ́ gbogbo ayé jẹ!

Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo da iyọ̀ ṣíbí méjì sínú fúláwà kó má bàa bu, ìpele kan péré lóòjọ́, mo fi okùn so ó rọ̀ sẹ́nu fèrèsé. Nígbà tó gbẹ tán, mo kàn án, ó ń dún kóró kóró bí igbá. Mo fi páálí ṣe ọrùn rẹ̀, mo fi ìka ìlábẹ̀ mi wọ̀n ọ́n. Gbogbo owó rẹ̀ ò tó ₦3,000.

Mo ta aṣọ sórí àga méjì, mo ké “Àálọ́ o!”, kíláàsì dáhùn “Ààlọ̀!” Àlọ́ ibi tí Ìjàpá ti jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún ìyàwó rẹ̀ ni mo pa. Mo ti fi bàlúùnù kan pamọ́ sábẹ́ aṣọ rẹ̀, mo ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ ẹ, ikùn ń wú lójú wọn. Ọmọkùnrin kan tí kì í la ẹnu ní kíláàsì fò dìde: “Yánníbo, ó ti jẹ oògùn ẹ o!”

Ní ilé ìkàwé tí wọ́n pè mí sí lẹ́yìn náà, nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn fẹ̀, orí tó tó ọsàn lásán, àwọn tó wà lẹ́yìn ò rí nǹkan kan. Mo tún ń mi ọwọ́ méjèèjì pọ̀, wọn ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Tí Yánníbo bá ń sọ̀rọ̀, kí Ìjàpá dúró gbagidi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìyẹn. Bàbá kan wá bi mí bóyá òrìṣà ni. Ní Òṣogbo, tí igbó Ọ̀ṣun tòun ti àwọn ère inú rẹ̀ ti wà nínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé ti àjọ UNESCO láti 2005! Mo fi Ìjàpá lé e lọ́wọ́, ó yọjú wo inú orí rẹ̀, ó rí àbájáde bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn orí ₦18,000 yẹn ṣì wà ní kíláàsì. Ìjàpá ni mo fi ń tẹ bébà lórí tábìlì, Yánníbo ló ń dá ilẹ̀kùn dúró.